Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Nàmíbíà tí ń Bójú Tó Àyíká àti Ìrìn-àjò Afẹ́: Ẹ Má Ṣe Jẹ́ Kí Àgọ́ Orí Òkè Di Hòtẹ́ẹ̀lì

Ẹ̀yin Mínísítà Ọlọ́lá, àti gbogbo ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tí ẹ ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ilẹ̀ fún àwọn ibùdó àlejò ní ẹkùn Kunene,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àlejò ni mí ní ilẹ̀ yín, n kò ní ìbò níbẹ̀, n kò sì ní ilẹ̀ tí mo lè dúró lé lórí kí n sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ tèmi. Ohun tí mo ní kò ju òru mẹ́rin tí mo sùn nínú àgọ́ aṣọ láàárín àwọn òkè aṣálẹ̀ tó wà ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Nàmíbíà, àti owó tí mo san kí n tó sùn níbẹ̀. Mo kọ lẹ́tà yìí ní gbangba, mo sì kọ ọ́ ní èdè Yorùbá, nítorí pé àwọn tó ń ka èdè yìí wà lára àwọn tí ẹ ń pè wá wo ilẹ̀ yín, ó sì yẹ kí wọ́n mọ ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kí àwọn náà tó di ẹrù wọn.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni. Nígbà tí àdéhùn ilẹ̀ àwọn ibùdó kéékèèké wọ̀nyí bá tó àkókò àtúnṣe, ẹ jẹ́ kí bí wọ́n ti kéré tó wà nínú ìwé. Ẹ kọ iye ibùsùn, iye omi àti irú iná tí wọ́n lè lò sínú àdéhùn náà, kí ọ̀rọ̀ náà má ṣe dúró lórí ọkàn rere ẹni tó ni ibùdó nìkan, nítorí pé ẹni tó ni ín lónìí lè tà á lọ́la.

A gba Kamanjab wọ ọ̀nà C40, ọ̀nà òkúta wẹ́wẹ́ tó gun òkè Grootberg kọjá sí ìhà Palmwag. Ní ibì kan tí wọ́n ti dá fún wa, a fi ọkọ̀ tiwa sílẹ̀ lábẹ́ igi, ọkọ̀ ibùdó náà sì gbé wa ní ìyókù ọ̀nà, nítorí pé wọn kì í jẹ́ kí àlejò fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gun òkè náà. Inú mi kò kọ́kọ́ dùn sí i. Ṣùgbọ́n bí a ti ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ lórí àwọn òkúta pupa rúsúrúsú, mo ṣàkíyèsí pé awakọ̀ wa kò yà kúrò lójú ipa táyà tó ti wà nílẹ̀, kódà níbi tí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti tẹ́jú jù ú lọ. Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbàgbé. Ó fi ipa ọkọ̀ kan hàn wá tó dà bíi pé àná ni ọkọ̀ náà kọjá, ó ní kí wọ́n tó bí òun ni. Níbi tí òjò kò ti tó nǹkan, kò sí àgbàrá tí yóò wẹ ipa náà nù, kò sì sí koríko tí yóò bò ó mọ́lẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó fẹ́ ya àwòrán dáadáa ti fi àpá sí ara òkè náà, àpá náà sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀wádún.

Òkúta tí à ń gùn kọjá náà ni àwọn onímọ̀ ń pè ní basalt. Iná inú ilẹ̀ ló pọ̀ ọ́ jáde ní nǹkan bí 132 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ilẹ̀ Áfíríkà àti ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ń ya kúrò lára ara wọn, irú rẹ̀ kan náà sì wà ní gúúsù Brazil títí di òní. Àwọn tó ń sọ èdè Otjiherero ló fún un ní orúkọ tí àwọn onímọ̀ náà wá gbà, Etendeka, èyí tó tọ́ka sí bí orí àwọn òkè náà ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí ìpìlẹ̀ ilé. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé bíríkì lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní láti fọ́ òkúta, kí ó la ọ̀nà tí ọkọ̀ akóyanrìn lè gbà, kí ó sì kó sìmẹ́ǹtì àti omi tí yóò fi pò ó gun òkè. Ẹni tó bá fẹ́ pàgọ́ kò nílò ju pákó, irin mélòó kan, àti òkúta tó ti wà nílẹ̀ tí yóò tò sábẹ́ wọn.

Bí àgọ́ tèmi ti rí nìyẹn. Aṣọ kánfáàsì ni wọ́n nà bo ibùsùn méjì, tábìlì kékeré kan àti fìtílà kan tí oòrùn ń fún ní agbára. Kò sí ẹ̀rọ amúlétutù, kò sí tẹlifíṣọ̀n, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tí a ti lè ṣájì fóònù nínú àgọ́ fúnra rẹ̀. Inú àgọ́ ńlá tí a ti ń jẹun ni gbogbo wa ń kó fóònù lọ ní ọ̀sán, nígbà tí sólà bá ní agbára tó. Lẹ́yìn àgọ́ kọ̀ọ̀kan ni ilé ìwẹ̀ rẹ̀ wà, ògiri rẹ̀ jẹ́ òkúta tí wọ́n tò dé èjìká, kò sì ní òrùlé. Ní ìrọ̀lẹ́, òṣìṣẹ́ kan á béèrè lọ́wọ́ wa bóyá a ti fẹ́ wẹ̀. Bí a bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á gbé omi gbígbóná wá, á dà á sínú garawa kan tó ní ẹnu ṣáwà ní ìdí, á sì fi okùn fà á sókè. Garawa kan fún ẹnì kan.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí garawa yìí, nítorí pé òun ló yí ọkàn mi padà. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, mo ṣí ẹnu rẹ̀ bí mo ti máa ń ṣí ẹ̀rọ omi, omi náà sì tán nígbà tí ọṣẹ ṣì wà ní orí àti ojú mi. Ní ìrọ̀lẹ́ kejì, mo fi omi rin ara, mo ti ẹnu rẹ̀ pa, mo fi ọṣẹ pa ara láti orí dé ẹsẹ̀, mo tún ṣí i, omi sì ṣẹ́kù. Ní ìrọ̀lẹ́ kẹta, omi tó ṣẹ́kù pọ̀ débi pé mo fi fọ aṣọ tí mo fi rìn lọ́sàn-án. Mo ti dàgbà, mo ti wẹ̀ láìníye, ṣùgbọ́n ìgbà náà ni mo kọ́kọ́ mọ iye omi tí ara mi ń béèrè lóòótọ́. Kò sí ìwé ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, kò sí ẹni tó wá wàásù fún mi. Ìwọ̀n garawa náà nìkan ni ẹ̀kọ́ náà, mo sì gbà pé bí wọ́n bá ti fún mi ní ẹ̀rọ omi tí kì í tán, tí wọ́n wá fi ìwé bẹ̀ mí pé kí n má ṣe fi ṣòfò, n kì bá tí gbọ́.

Ẹ̀yin mọ ju mi lọ ohun tí omi jẹ́ níbẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ sórí àwọn òkè náà ní ọdún kan sábà máa ń dín sí mìlímítà 150, ọdún mìíràn sì wà tí kò rọ̀ rárá. Kùrukùru tó ń ti orí omi tútù Benguela wọlé láti etíkun ń fún ewéko àti kòkòrò ní ìwọ̀nba ìrì, ṣùgbọ́n kì í dé àárín òkè ní gbogbo ìgbà. Àwọn odò bíi Hoanib, Uniab àti Huab jẹ́ ọ̀nà iyanrìn fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún. Erin a máa fi ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ìjà wọn gbẹ́ iyanrìn náà títí omi yóò fi sun, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà ti orí òkè náà a sì máa fi pátákò gbẹ́ tirẹ̀. Omi kan náà tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ yìí ni kànga ẹ̀rọ àwọn darandaran ń fà, òun náà sì ni kànga ẹ̀rọ ibùdó àlejò ń fà. Nítorí náà, bí ibùdó kan bá gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́, ìkòkò ẹni kan ni ó ti bu omi náà.

Mo rí irú adágún bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a ń padà, a sùn ní òru kan ní ilé àlejò ńlá kan tí n kò ní dárúkọ. Koríko tútù yí i ká, adágún omi aláwọ̀ aró wà níwájú rẹ̀, ẹ̀rọ amúnáwá sì ń dún láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀ kí yàrá wa lè tutù. Oòrùn mú, ó ti rẹ̀ mí, mo sì wọ inú omi náà. Obìnrin kan tó ń tò aṣọ ìnura jọ sọ fún mi, láìfi ṣe ẹ̀sùn, pé ní abúlé tí òun ti wá, wọ́n ti mọ odi òkúta yí àgbá omi ká kí erin má baà fọ́ ọ, àti pé nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ wọ́n máa ń yan ọjọ́ tí ewúrẹ́ ilé kọ̀ọ̀kan yóò mu omi. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ìròyìn ilé fún àlejò. Mo jáde kúrò nínú omi náà, n kò sì lè wọ inú rẹ̀ mọ́.

Ọ̀gbẹlẹ̀ náà kì í ṣe ìtàn àtijọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ìjọba yín kéde pé ọ̀rọ̀ ọ̀dá òjò ti di pàjáwìrì ní gbogbo orílẹ̀-èdè, nígbà tó sì di oṣù Kẹjọ, ilé-iṣẹ́ yín kéde pé wọn yóò pa ẹranko igbó 723, tí erin 83 wà lára wọn, kí ẹran wọn lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ebi ń pa. N kò kọ̀wé láti dá yín lẹ́jọ́ lórí èyí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìjọba tó ti ka ẹranko níye nítorí pé omi àti oúnjẹ kò tó yẹ kó ka ibùsùn àlejò náà níye.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìrìn òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. A jáde kí oòrùn tó yọ, àwa márùn-ún pẹ̀lú afinimọ̀nà wa, ọkùnrin kan tó da ewúrẹ́ ní ìgbà èwe rẹ̀ ní àfonífojì tí kò jìnnà síbẹ̀. Ó fi ewé igi mopane hàn wá bó ṣe ń pa pọ̀ bí ìyẹ́ labalábá nígbà tí oòrùn bá mú, kí ó má baà gba ooru jù, ó sì rẹ́rìn-ín pé igi náà ti mọ̀ tipẹ́ pé ọ̀sán kì í ṣe ìgbà iṣẹ́. (Ohun tí àwa náà ń ṣe ní ọ̀sán nìyẹn: a ká aṣọ ẹ̀gbẹ́ àgọ́ sókè, a jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbà á kọjá, a sùn.) Ó fi welwitschia hàn wá, ewéko tí kì í ní ju ewé méjì péré lọ láti ọjọ́ tó ti hù, tí òmíràn nínú wọn sì ti lo ju 1,000 ọdún lọ láyé. Lẹ́yìn náà ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó Euphorbia damarana kan, igbó tí oje rẹ̀ funfun bíi wàrà tó sì jẹ́ májèlé fún ènìyàn. Ẹ̀ka kan ti gé lára rẹ̀ ní ìdagun, bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ gé e. Eyín àgbáǹréré dúdú ni ó gé e.

A tọpasẹ̀ rẹ̀ fún wákàtí méjì. Nígbà tí a rí i, òdìkejì àfonífojì ni ó wà, ó ń jẹun, a sì jókòó sẹ́yìn òkúta, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Afinimọ̀nà wa bu eruku, ó jẹ́ kí ó máa dà bọ́ láti ọwọ́ rẹ̀ kí ó lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, nítorí pé ojú àgbáǹréré kò ríran jìnnà, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ àti etí rẹ̀ mú. Mo ti rí àwòrán àgbáǹréré rí nínú ọgbà tí wọ́n ṣọgbà yí ká. Ti ibí yìí kò ní ọgbà. Òun ló yan àfonífojì náà fúnra rẹ̀, bí ó bá sì gbóòórùn wa, yóò lọ, kò sí ohun tí yóò dá a dúró. Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀, n kò sì tijú láti sọ ọ́ fún yín.

Kí a tó padà, ó ní kí gbogbo wa pa ohun tó ń tọ́ka sí ibi tí a wà lórí fóònù wa, kí a má sì gbé orúkọ àfonífojì náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé àwọn tó ń wá ìwo àgbáǹréré tà a máa wo àwòrán tí àlejò bá yà. Ìdí nìyí tí n kò fi dárúkọ àfonífojì náà tàbí ibùdó náà nínú lẹ́tà yìí, mo sì bẹ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n pé kí ó má ṣe dárúkọ rẹ̀.

Pé ẹranko náà ṣì wà níbẹ̀ fún èmi láti rí kì í ṣe oríire lásán. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọdẹ ń pa àgbáǹréré àti erin ní ìpakúpa ní ilẹ̀ yẹn, ọ̀gbẹlẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 sì pa ọ̀pọ̀ jùlọ nínú màlúù àwọn ènìyàn. Àsìkò yẹn ni Garth Owen-Smith, ajàjàgbara fún ààbò ẹranko igbó tó kú ní ọdún 2020, àti àwọn baálẹ̀ ibẹ̀ fohùn ṣọ̀kan pé ọmọ ilẹ̀ ni yóò ṣọ́ ẹranko ilẹ̀, tí baálẹ̀ sì yan àwọn ẹ̀ṣọ́ láàárín àwọn ènìyàn tirẹ̀. Ní ọdún 1982 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Save the Rhino Trust sílẹ̀ láti dáàbò bo àgbáǹréré, àwọn olùtọpa wọn sì ń fi ẹsẹ̀ rin àwọn òkè náà títí di òní. Lẹ́yìn òmìnira yín ní ọdún 1990, Abala 95 nínú òfin ilẹ̀ yín sọ ọ́ di ojúṣe ìjọba láti dáàbò bo àyíká. Òfin ọdún 1996 fún àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ àjùmọ̀ní ní ẹ̀tọ́ láti dá ẹgbẹ́ tí ẹ̀ ń pè ní conservancy sílẹ̀, kí wọ́n lè máa tọ́jú ẹranko kí wọ́n sì máa jẹ èrè rẹ̀. Ní ọdún 1998, mẹ́rin àkọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, tí Torra wà lára wọn, lónìí wọ́n sì ti lé ní 80. Ní ti Torra, ibùdó àgọ́ kan tó ṣí ní ọdún 1996 lórí àdéhùn pẹ̀lú àwọn ará ibẹ̀ wà lára ohun tó fi hàn pé ọ̀nà náà ṣeé gbà. Mo sọ gbogbo èyí fún àwọn tó ń ka lẹ́tà yìí pẹ̀lú yín, nítorí pé ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ kọ òfin náà. Àgọ́ ni ilẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ta ni ń wá ọ̀nà láti yí i padà, nígbà náà? N kò rò pé olè kan wà níbì kan. Àwa àlejò ni. Ọ̀kan nínú àwa márùn-ún ráhùn lójoojúmọ́ pé kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń ṣàkóso ibùdó náà sọ fún mi pé àwọn kan máa ń padà sílé lọ kọ ọ́ pé ibi náà dára ṣùgbọ́n kò ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́, kò ní amúlétutù, owó rẹ̀ sì ti pọ̀ jù fún aṣọ lásán. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ tó, tí ibùdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bá sì gbẹ́ adágún, ẹni tó kọ̀ láti gbẹ́ yóò pàdánù àlejò. Kò sí onílé àlejò kan tó lè dá nìkan dúró láti kọ̀ fún gbogbo ayé. Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé sí yín dípò tí ǹ bá fi kọ ìyìn sí ibùdó náà, kí n sì gbàgbé. Àdéhùn tó de gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà yóò jẹ́ ààbò fún ẹni rere nínú wọn.

Nínú àdéhùn náà, mo bẹ̀ yín pé kí iye ibùsùn jẹ́ èyí tí kò lè lé sí i nítorí pé àlejò pọ̀ sí i. Kí ìwọ̀n omi wà lẹ́nu kànga ẹ̀rọ ibùdó kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa ka ohun tó bá wà lórí rẹ̀ lóṣooṣù sí etí ìgbìmọ̀ conservancy tó súnmọ́ ọn, ní èdè tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ. Kí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ jẹ́ èèwọ̀ lórí àwọn òkè náà. Kí iná tó ń tàn sókè sí ojú ọ̀run lóru jẹ́ èèwọ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ìràwọ̀ ibẹ̀ pọ̀ débi pé mo rí òjìji ọwọ́ ara mi láìsí òṣùpá, ohun tí n kò tíì rí rí láyé mi. Kí ó má sì sí ohun tí wọ́n kọ́ tí wọn kò lè kó kúrò.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú ọ́fíìsì yín yóò sọ pé orílẹ̀-èdè nílò iṣẹ́, àti pé hòtẹ́ẹ̀lì oníyàrá ọgọ́rùn-ún yóò gba òṣìṣẹ́ ju àgọ́ mẹ́wàá lọ. Ọ̀rọ̀ gidi ni, n kò fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n Windhoek wà, Swakopmund wà, ẹ̀gbẹ́ ọgbà ẹranko Etosha wà fún irú ilé bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀nà ọlọ́dà àti ẹ̀rọ omi ìlú ti dé. Lórí òkè basalt, hòtẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ yóò mu omi tán, yóò lé ẹranko tí àlejò tìtorí rẹ̀ wá, iṣẹ́ náà yóò sì bá wọn lọ. Ẹlòmíràn yóò sọ pé àgọ́ kékeré wọ́nwó, àwọn olówó nìkan ló lè sùn níbẹ̀. Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé òótọ́ ni. Afinimọ̀nà wa sọ pé ìyá òun kò tíì rí àgbáǹréré tí òun ń fi han àlejò rí, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀bá òkè yẹn ni ó ti ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Àwọn conservancy kan ní ibi ìpàgọ́ tiwọn, tí owó rẹ̀ kéré, tí ènìyàn fi ń gbé àgọ́ ara rẹ̀ wá. Ẹ ràn wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ilé ìwẹ̀ wọn ṣe. Ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ibùdó kọ̀ọ̀kan yóò ya òru mélòó kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àwọn ọmọ iléèwé Sesfontein, Khorixas àti àwọn abúlé àárín wọn, láìgba owó lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù tí àlejò kò pọ̀, àgọ́ ṣófo níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààbò náà wà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, kìnnìún pa arìnrìn-àjò kan tó jáde kúrò nínú àgọ́ rẹ̀ ní agbègbè Hoanib. Mo bá ẹbí rẹ̀ kẹ́dùn. Mo sì ń bẹ̀rù pé irú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ lè mú kí ẹnì kan dábàá pé kí gbogbo ibùdó ṣe ọgbà oníná yí ara wọn ká. Ní ibi tí mo sùn, kò sí ẹni tó ń dá rìn lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú. Òṣìṣẹ́ ń sìn wá dé ẹnu àgọ́, fèrè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì so mọ́ ẹ̀yìn àgọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà jáde lóru. Ẹ jẹ́ kí irú ètò yìí di dandan níbi gbogbo tí àlejò bá ń sùn sí, títí kan ibi ìpàgọ́ olówó pọ́ọ́kú, kí ẹ sì fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní Lion Rangers, tí ń tọpa kìnnìún tí wọ́n sì ń kìlọ̀ fún darandaran, ní ọkọ̀ àti owó oṣù tó tó wọn. Àwọn ni kìnnìún ń bá gbé lójoojúmọ́. Àwa ń lọ sílé lẹ́yìn òru mẹ́rin.

Ní òwúrọ̀ tó kẹ́yìn, nígbà tí a ń dúró de ọkọ̀, mo bi afinimọ̀nà wa pé kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ bí àgọ́ kan bá gbó. Ó mú mi lọ sí ìdí òkè kan ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ sí ibi tí a ti jẹun, ó ní àgọ́ kan ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà kí wọ́n tó ṣí i kúrò, ó sì ní kí n fi ibi tí ó wà hàn òun. Mo wò títí. Mo rí òkúta, mo rí ìgbẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà tó ti gbẹ, mo rí koríko ṣákálá kan. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ pé n kò rí i, ó tẹ̀ba, ó sì fọwọ́ kan òkúta mẹ́rin tó wà ní igun mẹ́rin, tí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sókè lára wọn kò pọ́n tó ti ìyókù, nítorí pé orí wọn ni pákó àgọ́ náà ti jókòó lé. Ìwọ̀n àpá tí mo fẹ́ kí ẹ kọ sínú ìwé pé ibùdó kan lè fi sílẹ̀ nìyẹn.

Mo ń retí èsì yín, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó, mo sì ṣe tán láti fi ọwọ́ ara mi kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ èyíkéyìí tí ẹ bá darí mi sí.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Àlejò yín kan tó sùn ní Kunene